Ihò Tí Kì í Ṣe Ti Ẹyọ Kan: Bí Purotéènì Ṣe Ń Parapọ̀ Di Ojú Ọ̀nà Áyọ́ọ̀nù

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé báyọ́lọ́jì tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, àwòrán kan wà tí kì í yẹ̀: ìlà méjì tó dúró fún awọ sẹ́ẹ̀lì, páìpù kan tó gba àárín wọn kọjá, àti àwọn kóró róbótó-róbótó tí wọ́n kọ Na⁺ tàbí K⁺ sí lára, tí wọ́n ń gba inú páìpù náà lọ. Àwòrán náà kò parọ́, ṣùgbọ́n ohun tó fi pamọ́ ju ohun tó fi hàn lọ. Ẹni tó bá wò ó á rò pé ńṣe ni nǹkan kan lu ihò sára awọ sẹ́ẹ̀lì, tàbí pé purotéènì kan wà tó jẹ́ oníhò láti ìbẹ̀rẹ̀, tí sẹ́ẹ̀lì kàn gbé e sí àyè rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ẹyọ purotéènì kan ṣoṣo tó ní ihò nínú. Ẹyọ mẹ́rin, tàbí márùn-ún, tàbí mẹ́fà ló máa ń pàdé, tí wọ́n á dúró yí ara wọn ká, àyè tó bá ṣẹ́kù láàárín wọn ni ihò náà.

Ẹni tó bá ti dáná igi rí mọ irú rẹ̀. Àyè tí iná ti ń jó kò sí nínú òkúta ààrò kankan. Ẹ yọ òkúta kan kúrò, ààrò ti tú nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkúta méjì tó kù kò ní àbùkù kankan. Tí èyí bá yé wa, á yé wa ìdí tí jíìnì kan tó bàjẹ́ díẹ̀ fi lè burú ju èyí tó bàjẹ́ pátápátá lọ, àti ìdí tí oògùn ibà kan fi lè da ọkàn láàmú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara iyọ̀. Iyọ̀ ọbẹ̀ tó bá bọ́ sínú omi máa ń pín sí sódíọ̀mù àti kúlóráìdì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì máa ń gbé iná mànàmáná lọ́wọ́: sódíọ̀mù gbé iná pọ́sítíìfù, kúlóráìdì gbé nẹ́gítíìfù. Kóró tín-ín-tín tó bá gbé iná báyìí là ń pè ní áyọ́ọ̀nù. Pòtáṣíọ̀mù tó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀wà jẹ́ ọ̀kan, kálísíọ̀mù náà jẹ́ ọ̀kan. Inú sẹ́ẹ̀lì wa kún fún pòtáṣíọ̀mù, nǹkan bí ìlọ́po 30 ju èyí tó wà níta lọ. Ti sódíọ̀mù yí padà: ìta ló pọ̀ sí, ó lé ní ìlọ́po 10 ju ti inú lọ. Orí ìyàtọ̀ yìí ni lílù ọkàn dúró lé, òun náà ni ìṣẹ́jú ojú àti ìrora ẹni tó gbá ẹsẹ̀ mọ́ òkúta.

Kí ni kì í jẹ́ kí inú àti ìta dà pọ̀ mọ́ra? Awọ sẹ́ẹ̀lì ni. Ìpele ọ̀rá méjì ni awọ yìí, ìnípọn rẹ̀ kò ju nánómítà mẹ́rin sí márùn-ún lọ. Tí ẹ bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni nánómítà. Àárín gbùngbùn awọ náà, níbi tó ti jẹ́ ọ̀rá gidi, tó bíi nánómítà mẹ́ta. Áyọ́ọ̀nù kò lè gba ibẹ̀ kọjá, kì í sì í ṣe torí pé ó tóbi jù. Áyọ́ọ̀nù kì í dá rìn. Omi ló máa ń rọ̀ mọ́ ọn yí ká, torí pé iná ara omi àti iná ara rẹ̀ ń fa ara wọn. Kó tó lè wọ inú ọ̀rá, á ní láti bọ́ omi yẹn sílẹ̀, agbára tí ìyẹn sì ń gbà pọ̀ kọjá ohun tó lè rí lójijì. Ọ̀rá kò sì ní nǹkan kan tó máa fi dípò omi náà fún un.

Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń da nǹkan méjì pọ̀. Ẹ̀rọ kan wà lára awọ tó ń fi agbára oúnjẹ ti sódíọ̀mù mẹ́ta síta, tó sì ń fa pòtáṣíọ̀mù méjì wọlé ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ fífà nìyẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá ìyàtọ̀ inú àti ìta sílẹ̀, kì í sì í yára: ọgọ́rùn-ún mélòó kan áyọ́ọ̀nù ló ń gbé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú ọ̀nà áyọ́ọ̀nù tí à ń sọ kì í fa nǹkan kan. Ńṣe ló ń ṣí, tí áyọ́ọ̀nù á sì ya lọ síbi tó ti ń wù ú láti lọ tẹ́lẹ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù 100 pòtáṣíọ̀mù lè gba inú ẹyọ kan kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ní 1952, Alan Hodgkin àti Andrew Huxley fi iṣan ìmọ̀lára ẹran òkun kan tí wọ́n ń pè ní squid ṣàlàyé bí sódíọ̀mù ṣe ń wọlé tí pòtáṣíọ̀mù sì ń jáde nígbà tí iṣan bá ń ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn kò mọ ohun tí áyọ́ọ̀nù ń gbà kọjá. Ó di 1976 kí Erwin Neher àti Bert Sakmann tó rí iná tó ń gba inú ẹyọ ojú ọ̀nà kan ṣoṣo kọjá, nílùú Göttingen ní Jámánì. Wọ́n gbé ẹnu ọ̀pá gíláàsì tó tín-ín-rín lé ara ẹran ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n sì rí i pé iná náà kì í rọra pọ̀ sí i. Ó máa ń fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, á dúró fún ìwọ̀nba ìgbà tó kéré jọjọ, á sì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣí, tì. Ìgbà yẹn ló hàn gbangba pé ohun kan tó ní ilẹ̀kùn ni.

Ó wá kù ká mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ.

Ráíbósómù ni ẹ̀rọ tó ń hun purotéènì nínú sẹ́ẹ̀lì. Ó ń ka ìtọ́ni tó ti inú jíìnì wá, ó ń mú ámínò ásíìdì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń so wọ́n pọ̀ di okùn gígùn. Oríṣi 20 ni ámínò ásíìdì tó sábà máa ń lò. Àwọn kan nínú wọn fẹ́ràn omi, àwọn mìíràn kò fẹ́ rí omi sójú rárá, inú ọ̀rá ni ara ti ń tù wọ́n. Ohun tó ń pinnu ibi tí apá kọ̀ọ̀kan okùn náà máa gbé nìyẹn.

Bó bá ṣe purotéènì tó máa gbé inú awọ ni, sẹ́ẹ̀lì kì í hun ún tán kó tó máa wá bó ṣe máa kì í bọ inú ọ̀rá. Bó ṣe ń hun ún lọ́wọ́ ló ń rì í mọ́ ibẹ̀. Ráíbósómù á lọ fẹnu ko ẹnu ọ̀nà kan lára awọ yàrá kan nínú sẹ́ẹ̀lì, yàrá tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ER, okùn á sì máa bọ́ sínú ọ̀nà náà díẹ̀díẹ̀. Tó bá kan apá tó jẹ́ kìkì àwọn tó kórìíra omi, tí wọ́n sì tó bíi 20 tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà á là, apá yẹn á yọ́ wọ inú ọ̀rá, á sì jókòó síbẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ bíi 20? Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀, torí ó dùn mọ́ mi gan-an. Nínú ọ̀rá, okùn purotéènì máa ń lọ́ yípo di ọ̀pá, ámínò ásíìdì kọ̀ọ̀kan sì ń fi nánómítà 0.15 kún gígùn ọ̀pá náà. Ẹ fi 0.15 sọ 20 di púpọ̀, 3 ló máa jẹ́. Nánómítà mẹ́ta sì ni ìnípọn ọ̀rá àárín awọ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pá náà gùn tó gẹ́lẹ́ láti ti etí kan awọ dé etí kejì. Débi pé tí onímọ̀ kan bá ń ka jíìnì tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ iṣẹ́ rẹ̀, tó sì rí irú 20 yìí níbẹ̀, ó ti lè fọwọ́ sọ̀yà pé inú awọ ni purotéènì náà ń gbé, láì tíì fojú kàn án.

Ojú ọ̀nà pòtáṣíọ̀mù tó rọrùn jù láti wò ni KcsA, ti bakitéríà inú ilẹ̀ kan, Streptomyces lividans. Ámínò ásíìdì 160 péré ló wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Ọ̀pá méjì ló gba inú awọ kọjá, láàárín ọ̀pá méjèèjì, okùn náà rì díẹ̀ sínú awọ láti òkè, ó sì tún padà jáde. Ẹyọ yìí nìkan kò lè ṣe nǹkan kan. Kò ní ihò, kò ní ilẹ̀kùn, áyọ́ọ̀nù kan ò lè gba ara rẹ̀ kọjá. Ó gbọ́dọ̀ rí mẹ́ta mìíràn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí ara wọn? Awọ kì í ṣe ohun tó gan. Ọ̀rá rẹ̀ rọ̀, purotéènì inú rẹ̀ sì lè sún síhìn-ín sọ́hùn-ún títí tí wọ́n á fi kan ara wọn. Níbi tí ẹ̀gbẹ́ wọn bá ti bá ara mu, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra. Kò sí gúlúù níbẹ̀: bí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan ṣe wọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ èkejì, àti iná kékeré tó ń fa ibì kan mọ́ ibòmíràn, ló dì wọ́n mú. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára kan lè máa hun oríṣiríṣi ẹyọ pòtáṣíọ̀mù lẹ́ẹ̀kan náà. Tí wọ́n bá kàn ń pàdé bákan ṣá, wọ́n á dà rú mọ́ra. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú ojú ọ̀nà pòtáṣíọ̀mù tí iná ara awọ ń ṣí fi ní apá kan níwájú tí wọ́n ń pè ní T1. Apá yìí ni ráíbósómù máa ń kọ́kọ́ hun, ìta ọ̀rá ló sì máa ń wà. T1 ìdílé kan kì í gba ti ìdílé mìíràn mọ́ra. Wọ́n ti fi ẹ̀rí hàn pé T1 lè ti di ara wọn mú nígbà tí okùn tó kù ṣì so mọ́ ráíbósómù. Ká sọ ọ́ lọ́rọ̀ mìíràn, àwọn ẹyọ náà ti ń ṣe àdéhùn kí wọ́n tó hun wọ́n tán.

Nígbà tí mẹ́rin bá ti yí ara wọn ká, apá tó rì sínú awọ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan á wá kọjú sí àárín. Ibi tí iṣẹ́ ìyanu wà nìyí. Àwọn onímọ̀ ń pe ibẹ̀ ní asẹ́, ṣùgbọ́n asẹ́ tó ń ṣe ohun tí asẹ́ ilé ìdáná kì í ṣe ni: ó ń jẹ́ kí èyí tó tóbi kọjá, ó ń dá èyí tó kéré dúró. Ìdajì ìbú pòtáṣíọ̀mù jẹ́ nánómítà 0.133, ti sódíọ̀mù jẹ́ 0.095. Síbẹ̀, pòtáṣíọ̀mù ń rọ́nà gbà ju sódíọ̀mù lọ ní ìlọ́po 1,000 ó kéré tán. Báwo?

Ámínò ásíìdì márùn-ún tí wọ́n fi lẹ́tà TVGYG dúró fún ló wà ní ojú asẹ́ náà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ átọ́ọ̀mù ọ́síjìn wọn sí àárín. Mẹ́rin láti ara ẹyọ mẹ́rin ló ń ṣe òrùka kan, òrùka sì wà lórí òrùka. Pòtáṣíọ̀mù tó bá dé bọ́ omi ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bọ́ sáàárín òrùka méjì: ọ́síjìn mẹ́rin lókè rẹ̀, mẹ́rin nísàlẹ̀, mẹ́jọ lápapọ̀, tí wọ́n jìn sí i bí ọ́síjìn inú omi ṣe máa ń jìn sí i. Kò pàdánù nǹkan kan. Ohun tó bọ́ sílẹ̀ ló rí gbà padà. Sódíọ̀mù kéré. Tó bá bọ́ sáàárín òrùka kan náà, ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó ọ́síjìn gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ohun tó máa dípò omi tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ó yàn láti má bọ́ ọ. Ìyàtọ̀ nánómítà 0.038 péré ló fà á.

Bertil Hille àti Clay Armstrong ti fi ọgbọ́n orí dé ìtòsí àlàyé yìí ní ìgbà tí kò tíì sí àwòrán kankan. Ní 1998, Roderick MacKinnon àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Rockefeller, New York, sọ KcsA di kírísítálì, wọ́n fi ìtànṣán X-ray wò ó, gbogbo ayé sì rí òrùka náà. Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ọdún 2003 ló fi gbà. Ẹ kíyè sí i pé ẹyọ kan ṣoṣo kò ní ju ìdá mẹ́rin òrùka lọ. Asẹ́ tó lè mọ pòtáṣíọ̀mù yàtọ̀ sí sódíọ̀mù kò sí lára ẹyọ kankan. Ìgbà tí wọ́n pàdé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wà.

Mo fẹ́ padà sẹ́yìn díẹ̀, sí 1991, torí pé nígbà yẹn ni MacKinnon kan náà fi oró àkekèé ka ẹyọ wọ̀nyí láìrí wọn. Wọ́n ti rí jíìnì ojú ọ̀nà pòtáṣíọ̀mù kan lára eṣinṣin èso ní 1987, eṣinṣin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń gbọ̀n tí wọ́n bá fi ether kùn ún lóorun, wọ́n sì ń pe jíìnì náà ní Shaker. Oró àkekèé kan máa ń dí ẹnu ojú ọ̀nà yìí. MacKinnon ṣe ẹyọ kan tó yí padà, tí oró kò lè dì mú dáadáa. Ó wá po ẹyọ gidi àti ẹyọ tó yí padà pọ̀ nínú ẹyin ọ̀pọ̀lọ́, ó da oró tó pọ̀ lé e, ó sì wo iye iná tó ṣẹ́kù.

Ọgbọ́n inú rẹ̀ nìyí. Ẹyọ gidi kan ṣoṣo nínú òrùka tó kí oró rí ibi dì mú. Kí ojú ọ̀nà kan tó lè bọ́, gbogbo ẹyọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó yí padà. Ká sọ pé 90 nínú 100 ẹyọ ló yí padà. Tó bá ṣe pé ẹyọ kan ló ń di ojú ọ̀nà kan, 90 nínú 100 ló máa bọ́. Tó bá jẹ́ méjì, ìlọ́po 0.9 àti 0.9 ni, 81 nínú 100. Tó bá jẹ́ mẹ́rin, ó kù 66. Iye tó ń bọ́ ló ń sọ iye ẹyọ tó wà nínú òrùka. Ohun tó rí bá mẹ́rin mu.

Kì í ṣe gbogbo ojú ọ̀nà ló jẹ́ mẹ́rin o. Èyí tó ń gba iṣẹ́ tí iṣan rán sí ẹran ara jẹ́ márùn-ún, méjì nínú wọn bára mu, mẹ́ta tó kù yàtọ̀ síra. Èyí tó so sẹ́ẹ̀lì kan mọ́ èkejì jẹ́ mẹ́fà láti apá ọ̀hún àti mẹ́fà láti apá ìhín. Bí ẹyọ ṣe ń pọ̀ sí i nínú àwọn wọ̀nyí ni ihò ń fẹ̀ sí i. Ti sódíọ̀mù ṣe ọgbọ́n àgbà: okùn kan ṣoṣo tó ní nǹkan bí ámínò ásíìdì 2,000 ni, ṣùgbọ́n ìpín mẹ́rin tó jọra ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì yí ara wọn ká bíi pé ẹyọ mẹ́rin ni wọ́n. Àwọn kan sì wà tí òfin yìí kò mú. Peter Agre tó bá MacKinnon pín ẹ̀bùn Nobel 2003 rí ojú ọ̀nà omi. Mẹ́rin lòun náà, àmọ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ní ihò tirẹ̀. Èmi ò mọ ọdún mìíràn tí wọ́n fún ẹni méjì ní ẹ̀bùn tí iṣẹ́ wọn fi tako ara wọn báyẹn láì jẹ́ pé ọ̀kan ṣì í.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìṣirò oró àkekèé yẹn dé ilé ìwòsàn. Nínú ọkàn wa, lẹ́yìn lílù kọ̀ọ̀kan, pòtáṣíọ̀mù gbọ́dọ̀ jáde kí sẹ́ẹ̀lì ọkàn lè sinmi de èyí tó kàn. KCNQ1 ni jíìnì ọ̀kan nínú àwọn ojú ọ̀nà tó ń ṣe é, hERG ni ti èkejì, mẹ́rin-mẹ́rin ni ẹyọ wọn. Tí wọn ò bá tó, ìsinmi ọkàn á falẹ̀, àlàfo kan tí dókítà ń pè ní QT nínú àwòrán ECG, èyí tó ń fi bí iná ọkàn ṣe ń lọ hàn, á gùn ju bó ṣe yẹ, ẹni náà sì lè ṣàdédé dákú, ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ lè dúró. Nǹkan bí ọmọ kan nínú 2,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú ewu yìí.

Jíìnì méjì-méjì la ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ká sọ pé ti bàbá bàjẹ́ débi pé kò hun nǹkan kan jáde. Ẹyọ tó wà nílẹ̀ dín kù sí ìdajì, gbogbo èyí tó wà sì dára, nítorí náà ìdajì ojú ọ̀nà ló kù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá báyìí wà kì í mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Ká wá sọ pé ti bàbá bàjẹ́ díẹ̀ ni: ó ń hun ẹyọ jáde, ẹyọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń di ara wọn mú, kìkì pé asẹ́ rẹ̀ wọ́. Ẹyọ dáadáa àti ẹyọ burúkú pọ̀ bákan náà, wọ́n sì ń pàdé láìyan ara wọn. Kí òrùka kan tó lè jẹ́ kìkì ẹyọ dáadáa, ìdajì ní ọ̀nà mẹ́rin ni: ọ̀kan nínú 16. Tó bá jẹ́ pé ẹyọ burúkú kan tó láti ba òrùka jẹ́, 15 nínú 16 ló ti bàjẹ́ nìyẹn, láti ara jíìnì tó sún mọ́ dáadáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyí tí dókítà tó mọ iṣẹ́ kì í fi dúró sí bíbéèrè pé ṣé jíìnì yìí bàjẹ́. Ó ń béèrè bóyá ẹyọ tó bàjẹ́ náà ṣì lè dara pọ̀ mọ́ àwọn yòókù.

Sẹ́ẹ̀lì mọ̀ pé ewu yìí wà, ó sì ní ọlọ́pàá lẹ́nu ibodè. Ẹyọ tí wọn ò bá ká dáadáa, inú ER ni wọ́n ti máa ń dá a dúró, tí wọ́n á sì fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Èyí tó jọ mí lójú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ojú ọ̀nà kan tó wà nínú pancreas, ẹ̀yà ara tó ń ṣe ínsúlínì. Ẹyọ mẹ́jọ ló ń di ọ̀kan: mẹ́rin tó ń jẹ́ Kir6.2 láàárín, tí àwọn ló ní ihò, àti mẹ́rin tó ń jẹ́ SUR1 tó yí wọn ká. Lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ámínò ásíìdì mẹ́ta kan wà tí wọ́n ń kọ ní RKR. Ní 1999, wọ́n fi hàn pé àṣẹ tí RKR ń pa ni pé kí ẹyọ náà má jáde nínú ER. Tí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá pé, tí wọ́n fara mọ́ra, wọ́n á bo RKR ara wọn mọ́lẹ̀, ibodè á sì ṣí. Kò sí ẹni tó ń kà wọ́n. Bí wọ́n ṣe tò ló ń ṣe ìkà náà.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lọ́dọ̀ wa ti fọwọ́ kan ojú ọ̀nà yìí láìmọ̀. Tí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pancreas á rí agbára púpọ̀, agbára náà á ti ojú ọ̀nà mẹ́jọ yìí, pòtáṣíọ̀mù ò ní lè jáde mọ́, iná ara awọ á yí padà, kálísíọ̀mù á wọlé, ínsúlínì á sì tú jáde. Glibenclamide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, máa ń lọ di SUR1 mú, á sì ti ojú ọ̀nà náà láìbéèrè bóyá ṣúgà pọ̀ tàbí kò pọ̀. Ohun tó fà á nìyẹn tí ẹni tó bá lò ó láìjẹun fi lè máa gbọ̀n, kó sì máa làágùn: ínsúlínì ń jáde nígbà tí kò sí ṣúgà tó máa bá jà.

Ní ti oògùn ibà tí mo dárúkọ níbẹ̀rẹ̀, halofantrine ni, tí wọ́n máa ń tà tẹ́lẹ̀ lórúkọ Halfan. Ó ń pa kòkòrò ibà, ṣùgbọ́n ó tún ń fa QT gùn, torí pé ó ń dí hERG. Ìdí tí hERG fi rọrùn láti dí ju ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà pòtáṣíọ̀mù mìíràn lọ tún padà sórí ẹyọ mẹ́rin yẹn. Lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ámínò ásíìdì méjì wà tí wọ́n fẹ̀ pẹrẹsẹ, àwọn tó wà ní nọ́ḿbà 652 àti 656, tí wọ́n kọjú sí inú ihò. Ẹyọ kan ṣoṣo ì bá má lè di oògùn mú. Ṣùgbọ́n méjì ní ọ̀nà mẹ́rin jẹ́ mẹ́jọ, oògùn tó bá wọ àárín wọn á rí ibi lẹ̀ mọ́ láti ìhà gbogbo. Oògùn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀ débi pé láti 2005, ìlànà àgbáyé fún ilé iṣẹ́ oògùn ní kí wọ́n dán oògùn tuntun wò lára hERG kí èèyàn tó gbé e mì.

Ìdánwò yẹn sábà máa ń lọ báyìí: wọ́n á da oògùn sórí sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á wo bóyá iná tó ń gba inú hERG dín kù. Pentamidine, oògùn àtijọ́ tí wọ́n fi ń tọ́jú àìsàn oorun tí eṣinṣin tsetse ń kó ranni, máa ń la irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ já, torí pé ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń tọ́jú èèyàn kì í dí ihò kankan. Síbẹ̀ ó ń fa QT àwọn tó ń gbà á gùn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi sẹ́ẹ̀lì náà sílẹ̀ sínú oògùn di ọjọ́ kejì, ibẹ̀ ni àṣírí ti tú: hERG tó wà lójú awọ tẹ́lẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n àwọn tuntun tó yẹ kó wá rọ́pò wọn kò jáde mọ́ láti inú ER. Bí àwọn àgbà ṣe ń gbó tí sẹ́ẹ̀lì sì ń kó wọn kúrò, iye tó kù lójú awọ ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ewu yìí kò lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ kejì, kó sì ka iye tó dé ìta.